Eré Ọmọdé: Lítíréṣọ̀ tí Agogo Ilé-Ẹ̀kọ́ Ń Pa Lẹ́nu Mọ́

ÌFÁÀRÀ

Kò wọ́pọ̀ kí á rí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì máàkì ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lórí eré òṣùpá rí. Ìdáhùn tí wọ́n ń kọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Wọn a ní alẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é nígbà tí òṣùpá bá yọ. Wọn a dárúkọ bojúbojú àti ẹkùn mẹ́ran. Wọn a sì to àǹfààní márùn-ún tẹ̀ léra, láti orí ìdárayá títí dé orí ìfẹ́ àti ìṣọ̀kan. Ìdáhùn náà kò burú, máàkì sì tọ́ sí i. Ohun tí ó ń kọni lóminú ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ kò ṣe eré náà rí. Bí wọ́n ti ń kọ́ nípa ogun Kírìjì ni wọ́n ń kọ́ nípa rẹ̀, bí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn baba ńlá wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ tí àwọn gan-an kúrò ní ọmọdé.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Eré ọmọdé jẹ́ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ alohùn tí ó ní òfin àti ọgbọ́n ìṣọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí agboolé fọ́nká, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó di agbo rẹ̀, àkókò ìsinmi sì di òṣùpá rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gé àkókò náà kù lónìí, ohun tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọmọ nínú kíláàsì ni ó ń fi ọwọ́ òsì pa ní pápá.

IPÒ ERÉ ỌMỌDÉ NÍNÚ Ẹ̀KỌ́ LÍTÍRÉṢỌ̀

Àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí ewì alohùn Yorùbá. Adébóyè Babalọlá gbé ìwé jáde lórí ìjálá ní 1966. Wándé Abímbọ́lá gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968. Ní 1984, ìwé Ọlátúndé Ọlátúnjí to àbùdá oríkì, ẹsẹ̀ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìtàn àlọ́ pàápàá rí ẹni kó o jọ, nítorí Babalọlá yìí kan náà ni ó gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á máa dúpẹ́ lé lórí ni gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí àwọn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ń lò, abẹ́ àṣà ni a ó ti sábà bá eré ọmọdé, kì í ṣe abẹ́ lítíréṣọ̀. A ó bá a láàrin ayò, àrìn, òkòtó àti ìjàkadì, lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè ní eré ìdárayá. Ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú èyí, nítorí a kúkú mọ̀ pé eré jẹ́ àṣà. Àmọ́ ibi tí a bá to nǹkan sí ni ó ń pinnu irú ìbéèrè tí a ó bi í. Ìbéèrè tí à ń bi àṣà ni, ‘Kí ni ìwúlò rẹ̀?’ Èyí tí à ń bi lítíréṣọ̀ ni, ‘Báwo ni wọ́n ṣe hun ún, kí sì ni ó ń sọ?’ Kò sí ẹni tí ń bi akẹ́kọ̀ọ́ pé àǹfààní wo ni ìjálá ń ṣe fún ara ọdẹ. Orí eré ọmọdé ni a ti ń bèèrè àǹfààní ṣáá, tí a kò bèèrè ẹwà.

Láti ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá ti kà sí ìwúlò lásán, ẹni tí ó bá rí ohun mìíràn tí ó wúlò jù ú lọ lè fi èyí rọ́pò rẹ̀. Bí ìwúlò eré kò bá ju kí iṣan ara le lọ, ìdárayá olóòtú tí olùkọ́ ń fi fèrè darí yóò ṣe é. Bí kò bá ju kí ọpọlọ jí pépé lọ, ìṣirò àfikún yóò ṣe é. Báyìí ni eré ṣe ń pàdánù àyè rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kórìíra rẹ̀.

ỌGBỌ́N ÌṢỌ̀NÀ INÚ ERÉ

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú lítíréṣọ̀ wo méjì nínú àwọn eré tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń dárúkọ.

Nínú ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọ a di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn a ṣe agbo róbótó. Ẹni tí ó jẹ́ ewúrẹ́ wà láàrin, ẹni tí ó jẹ́ ẹkùn wà lóde. Olùlé a máa ròyìn ìṣesí ẹkùn, bí ojú rẹ̀ ti rí àti bí ìrù rẹ̀ ti rí. Agbo a sì máa fi igbe ewúrẹ́ ṣe ègbè. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á kíyè sí níhìn-ín.

Èkíní ni ègbè. Kì í ṣe gbólóhùn, ọ̀rọ̀ ìfìròsínròyè kan ṣoṣo ni. Nítorí náà, ọmọ tí ó kéré jù lọ, tí ahọ́n rẹ̀ kò tíì yí sí orin, lè bá wọn gbè é. Ẹnu ọ̀nà ewì náà kò ga ju ẹsẹ̀ ọmọdé lọ. Èkejì ni lílé. Ègbè kì í yí padà, ṣùgbọ́n ojú ni olùlé fi ń lé. Bí ẹkùn bá jìnnà, ó lè fa ìròyìn gùn; bí ẹkùn bá sún mọ́ ibi tí ọwọ́ ti rọ̀, ohùn rẹ̀ a yá kánkán. Òmìnira yìí gan-an ni a máa ń gbóríyìn fún lọ́dọ̀ àwọn apohùn àgbà, tí a ń pè é ní ìmọ̀ọ́ṣe ojú agbo. Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Àwọn tí ń gbè orin ni ògiri tí ó ń dáàbò bo ewúrẹ́. Ohùn àti ọwọ́ wọn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ewì náà kò ní ìparí tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀. Ọwọ́ tí ó bá já ni ó ń parí rẹ̀. Bí a bá kọ orin náà sí ojú pátákó, ìlàjì rẹ̀ péré ni a kọ.

Ti bojúbojú tún yàtọ̀. A ó fi ọwọ́ bo ojú ẹnì kan, àwọn yòókù a lọ sá pa mọ́. Ọ̀dọ̀ orò ni orin tí wọ́n fi ń ṣe é ti yá ẹ̀rù rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó mọ ìlú tí wọ́n ti ń ṣe orò mọ bí òfin rẹ̀ ti le tó: bí orò bá jáde, obìnrin a wọlé, ọ̀gbẹ̀rì a ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Òfin tí ó ń ba àgbà lẹ́rù yìí ni àwọn ọmọ mú, tí wọ́n sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Wọ́n sì yí agbára padà nínú rẹ̀. Nínú ìlú, awo ni ó ń pàṣẹ fún ọ̀gbẹ̀rì. Nínú eré, ẹni tí a bo lójú gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí ó tó lajú, àwọn tí ń sá pa mọ́ ni wọ́n sì ń fún un láyè. Ọmọbìnrin a máa kọ orin náà, ọmọbìnrin a sì máa jẹ́ ẹni tí ń wá wọn kiri. Bí òǹkọ̀wé kan bá ṣe irú ìsínjẹ yìí nínú eré oníṣe, àwọn alámèyítọ́ ìbá ti kọ ìwé lé e lórí.

A kò gbọdọ̀ rò pé eré ìgbà àtijọ́ nìkan ni ọgbọ́n yìí wà. Nínú tẹ́ńtẹ̀n, ọmọbìnrin méjì a kojú síra, wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a fò, wọn a na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n nà ni yóò sì fi ẹni tí ó jẹ hàn. Àdàlù Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni orin rẹ̀ nígbà mìíràn, àwọn kan sì ń tìtorí èyí fi ojú tín-ín-rín rẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé ohun tí ó yí ọmọ ká ni ọmọ fi ń kọrin. Orò wà láyìíká àwọn tí ó dá bojúbojú sílẹ̀. Kíláàsì àti bọ́ọ̀sì wà láyìíká àwọn ti òde òní. Ẹ̀rí pé ẹ̀ka lítíréṣọ̀ kan wà láàyè ni pé ó ń jẹ ohun tuntun, tí ó sì ń dà á.

Paríparí rẹ̀, eré ọmọdé ni àwọn adájọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣi orin lé, ẹgbẹ́ rẹ̀ a gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe màgòmágó, wọn a dá eré dúró, wọn a jiyàn òfin, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí àgbà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ìwà ẹ̀tọ́ kan wà fún ọ̀rọ̀ àti orin, tí òun pẹ̀lú sì lè sọ pé èyí dára tàbí pé èyí kò dára. Alámèyítọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ń bá pàdé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

BÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ṢE DI AGBO ERÉ

Àgbàlá agboolé ni ojúlé eré yìí tẹ́lẹ̀, alẹ́ sì ni àkókò rẹ̀. Ìyípadà dé díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ajíhìnrere ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843 ni agogo ti wọ inú ayé ọmọ Yorùbá. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní 1959, tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, iná mànàmáná sì ń tàn sí i. Òṣùpá kò dẹ́kun yíyọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jáde sí i ń dín kù. Àwọn ìdílé fi agboolé sílẹ̀ lọ sí yàrá àyágbé nínú ìlú ńlá, níbi tí àgbàlá kò ti tó gbogbo ayálégbé pín.

Eré kò tìtorí ìyẹn kú. Ọ̀sán ni ó bọ́ sí. Nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí kì í ṣe ará ilé kan náà a tú jáde sí pápá, oníkálukú pẹ̀lú orin tí ó gbọ́ nílé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà a bá ọmọ Ẹ̀gbá pàdé, ọmọ Èkìtì a bá ti Ọ̀yọ́. Agboolé kò lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ láé. Ìsinmi ráńpẹ́ náà di ọjà tí àwọn ọmọ ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ eré, láìsí iye owó kankan.

Àwọn olùtẹ̀lé ètò ilé-ẹ̀kọ́ kò fìgbà kan ka àkókò yìí sí ẹ̀kọ́. Ojú ìwé ètò iṣẹ́ òòjọ́, àlàfo lásán ni. Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ni ó tọ́ ìran púpọ̀ dàgbà, ewì inú rẹ̀ tí ó sì wà lórí ahọ́n gbogbo ènìyàn jù lọ, iṣẹ́ ni ó ń gbé lárugẹ. Kò sí àléébù nínú ewì náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọmọ ní ewì iṣẹ́ nínú kíláàsì, àwọn ọmọ fúnra wọn ń pa ewì eré lóde, méjèèjì sì ń gbé ara wọn ró.

BÍ PÁPÁ ṢE Ń KÉRÉ

Ohun tí ó dín àkókò yìí kù pọ̀. Èkíní ni èrò. Nígbà tí ọmọ pọ̀ ju kíláàsì lọ ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ń gba agbo àárọ̀ àti agbo ọ̀sán, títí ìjọba Jákándè (1979–1983) fi kọ́ kíláàsì sí i tí ó sì fòpin sí ètò náà. Èkejì ni ààyè. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ó wà nínú ilé tí a kọ́ fún ìgbé, tí pápá rẹ̀ kò ju ibi tí ọkọ̀ mẹ́ta lè dúró sí. Ẹ̀kẹta ni ìdánwò. Kí ọmọ lè yege nínú ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀kọ́ àfikún ń bẹ̀rẹ̀ bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, ọmọ a sì dé ilé nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ẹ̀kẹrin ni ó yẹ kí ó dun olùkọ́ jù, nítorí ọwọ́ olùkọ́ ni ó wà. A ti sọ àkókò eré di ohun tí a fi ń jẹ ọmọ níyà. Ẹni tí kò bá parí àkọsílẹ̀ rẹ̀ a jókòó sí kíláàsì nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré. Ẹni tí ó pẹ́ dé a kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọmọ tí ìwé kò tètè wọ̀ lórí ni ó sì sábà máa ń fara gbá ìyà yìí. Ọmọ náà lè jẹ́ olùlé tí ó pegedé jù lọ nínú agbo. Ibi kan ṣoṣo tí ó ti lè borí ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò borí ní ibòmíràn.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn òfin ẹ̀kọ́ kan tí ààrẹ wọn buwọ́ lù ní 2002, tí ó fi èsì ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gé àkókò ìsinmi kù. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé níbẹ̀ kìlọ̀ pé kò yẹ kí á gba àkókò náà lọ́wọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ nítorí ìyà tàbí nítorí ẹ̀kọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé (1989) ti ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà (2003) sì sọ bákan náà. Òfin wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í lu agogo ìsinmi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń lù ú.

FÀNÁKÚLÀ ÀTI WÁKÀTÍ YORÙBÁ

Ó kan ohun tí ó kan Yorùbá ní pàtàkì. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti 1977 fara mọ́ lílo èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó ní kí á lo èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, ìjọba náà wọ́gi lé e, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀.

Nínú irú ipò báyìí, níbo ni Yorùbá wà ní ilé-ẹ̀kọ́? Ó wà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, ó sì wà ní àkókò ìsinmi. Ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ ni ó ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ti ìsinmi, ọmọ ni ó ń sọ ọ́, tí ó ń fi í jiyàn, tí ó ń fi í dá òfin, tí ó ń fi í kọrin. Nítorí náà ni àwọn tí ó fi òfin de ‘fànákúlà’ kò fi fi mọ sí kíláàsì. Wọ́n yan ọmọ tí yóò máa kọ orúkọ àwọn tí ó sọ Yorùbá ní pápá. Wọ́n mọ ibi tí èdè náà fara pamọ́ sí. Àwa tí a ní a fẹ́ràn Yorùbá ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

ÀWÍJÀRE ÀWỌN TÍ KÒ FARA MỌ́ ỌN

Àwọn òbí ní ẹjọ́ tiwọn. Ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kún fún ọkọ̀, ẹ̀rù ajínigbé ń ba ni, owó ilé-ẹ̀kọ́ sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí òbí yóò fẹ́ kí gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ so èso. Olùkọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: bí ọmọ bá ṣẹ́ lápá ní pápá, òun ni a ó bi. A kò sì gbọdọ̀ fi oyin pa eré lójú. Agbo eré a máa le ọmọ tí wọn kò fẹ́, ẹni tí ó bá fìdí rẹmi a máa gba yẹ̀yẹ́, aláìlera a sì máa jìyà lọ́wọ́ alágbára.

Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́. Ó béèrè pé kí àgbà wà nítòsí, kí ó máa wo pápá láti abẹ́ igi. Kò béèrè pé kí pápá di òfìfo. Àwọn mìíràn tún ń gbèjà eré nípa sísọ pé ọmọ tí ó bá ṣeré yóò ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ọ̀rẹ́ eré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbèjà wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó fi ìdánwò gbèjà eré ti gbà pé ìdánwò ni olówó, eré ni ìwọ̀fà. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí oògùn mìíràn tí ń mú ọmọ yege, kí ni yóò kù tí yóò sọ?

ÌKÁDÌÍ

Iṣẹ́ wà níbí fún olùkọ́ àti fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbára dì fún ìdánwò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè lórí eré òṣùpá má ṣe dúró lórí àǹfààní nìkan. Kí ó sọ ẹni tí ń lé orin, ohun tí wọ́n fi ń gbè é, èyí tí ó lè yí padà nínú rẹ̀ àti èyí tí kì í yí padà, ìṣesí tí ó bá ọ̀rọ̀ rìn, àti ohun tí àwọn ọmọ yá láti inú ayé àgbà. Kí olùkọ́ rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ ṣe àkójọ eré ti àdúgbò wọn, kí wọ́n sì ṣe é lójú ara wọn kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí olùkọ́ Yorùbá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú yàrá olùkọ́ tí yóò kọ̀ láti gba àkókò ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ, ì báà jẹ́ nítorí àkọsílẹ̀ Yorùbá pàápàá.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Láti inú òwe yìí ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti mú àkọlé ìwé rẹ̀ lórí ìgbà èwe, Ogún Ọmọdé (1990). Bí a ti sábà ń túmọ̀ òwe náà ni pé ọ̀rẹ́ yóò tú ká, pé ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ayé yóò pín ẹgbẹ́ níyà. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òwe náà gba ohun kan bí ohun tí kò ṣe é jiyàn sí, pé ogún ọmọdé kọ́kọ́ péjọ, wọ́n sì ṣeré. Iye ọdún ni ó ń bẹ̀rù. Kò sí àgbà kan, nígbà tí wọ́n ń pa á, tí ó rò pé ìgbà kan yóò dé tí ogún ọmọdé yóò wà pa pọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ilé kan, tí a kò ní yọ̀ǹda ogún ìṣẹ́jú fún wọn.